Fàtíhà Mẹ́sàn-án

Orúkọ ara rẹ̀ ni Isiaq rí tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, pupa fòò, lórí ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ti kó ìdì pósítà àkọ́kọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ ńlá tí ó fi ń gé ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí irin tí yóò fà, kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sórí ìlà tó wà lábẹ́ àwòrán ẹṣin náà. BÀBÁ ISIAQ ẸLẸ́ṢIN TI YẸ̀ Ẹ́ WÒ. YÓÒ SÁ ERÉ Ọ̀NÀ JÍJÌN, YÓÒ SÌ BORÍ. Ó fa pósítà kan yọ, ó gbé e súnmọ́ iná. Kò sí Isiaq Ẹlẹ́ṣin méjì ní Ṣómólú. Ẹṣin tó sì wà nínú àwòrán yìí, Isiaq kò fi ojú kàn án rí láyé.

“Mojíbọ́lá,” ó pe obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà, “ta ló ni iṣẹ́ yìí?”

“Kọ́sítọ́mà wa kan ní Bàríga ni, Bàbá. Ikúmápàyí, ẹni tó ń ta ẹja. Ó ní ẹ ti mọ̀ sí i.”

“Mo mọ̀ sí kí ni?”

Mojíbọ́lá pa ẹ̀rọ. Ó fi àkísà nu tàdáwà kúrò lọ́wọ́, ó ń wo ojú rẹ̀. “Ó ní òun ti bẹ̀ yín kí ẹ wá wo ẹṣin náà lónìí. Ó ní nígbà tí ẹ ṣáà ti ń bọ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.”

Lóòótọ́ ni Ikúmápàyí bẹ̀ ẹ́. Àná ni ó pè é lórí fóònù, tí ó ń pè é ní bàbá mi, bàbá mi, bí ẹni tí wọ́n jọ gbé ilé kan náà dàgbà, Isiaq sì dáhùn pé òun yóò yọjú. Ṣùgbọ́n yíyọjú kọ́ ni jíjẹ́rìí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; ọkùnrin yìí ti sọmọ lórúkọ, ó ti pín oyin àti iyọ̀, oyún inú kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Inú kò bí Isiaq. Ìríra ni ó mú un, irú èyí tí í mú ènìyàn bí ó bá rí i pé ẹlòmíràn ti fi búrọ́ṣì òun fọ eyín.

Ẹni tí kò bá mọ Isiaq lè sọ pé kí ni orúkọ lásán. Bàbá rẹ̀ ń tọ́jú ẹṣin ní pápá eré ẹṣin àtijọ́ ní Èkó, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń wá jókòó wòran níbẹ̀. Isiaq fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ẹṣin dé Kàdúná kí ó tó pé ogún ọdún, ó sì lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́hùn-ún. Nígbà tí ó padà wálé, kò kó ohun púpọ̀ bọ̀: àpótí aṣọ kan, egungun èjìká tó ti ṣẹ́ rí tí kò jinná dáadáa, àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ni ohun ìní. Bí Isiaq bá ní ẹṣin kan yóò sá eré jíjìn, yóò sá a. Bí ó bá ní kò lè sá a, kí ẹlẹ́ṣin lọ wá òmíràn. Títí di òní tí ó ń gé ìwé fún Mojíbọ́lá kó má baà jókòó lásán nílé, àwọn olówó Òkè Ọya ṣì ń pè é láti béèrè. Ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀ láti Kàdúná ní Sátidé láti wá ra ẹṣin Ikúmápàyí fún eré ìje ọ̀nà jíjìn kan, ohun kan ṣoṣo ni ó sì béèrè kó tó gbà láti wá: kí ni Isiaq wí nípa rẹ̀?

Isiaq mọ ẹnìkan ní Kàdúná, àgbà bíi tirẹ̀, tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ta ẹṣin aláìlera fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹṣin náà ṣubú láàárín pápá. Láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin yẹn bá ní oòrùn ti yọ, àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ yọrí síta wò. Bí Ìgbì Òkun, nítorí orúkọ tí pósítà pe ẹṣin Ikúmápàyí nìyẹn, bá lọ dákú lójú gbogbo ayé pẹ̀lú orúkọ Isiaq lọ́rùn, òpin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Ó ká pósítà náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò.

“Má tẹ òmíràn mọ́ títí n ó fi dé,” ó wí.

“Bàbá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kó o lọ́sàn-án o.”

“Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n jókòó dè mí.”

Kẹ̀kẹ́ márúwá gbé e gba àdúgbò Pedro kọjá, ó já a sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti ń di iyanrìn. Kí ó tó rí omi ọ̀sà rárá ni èéfín ti kí i káàbọ̀. Àdúgbò àwọn Ìlàjẹ ni ibẹ̀: ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fà gòkè, àwọ̀n tí wọ́n sá sórí ògiri, àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ilé Ikúmápàyí ga ju àwọn yòókù lọ. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó fi irin dídán ṣe bálíkónì rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé náà ni iṣẹ́ wà. Ààrò mọ́kànlá ni Isiaq kà láti ẹnu géètì, àgbá tí wọ́n gé sí méjì tí wọ́n sì tẹ́ àwọ̀n irin lé lórí, gbogbo wọn ń rú tùù.

Níbi tí ó dúró sí ni ó ti gbọ́ ikọ́ náà. Inú èéfín lọ́hùn-ún ló ti wá. Ikọ́ gbígbẹ ni, ó jìn, ó ń fà láti ìsàlẹ̀ àyà, ó sì fi súùsúù parí, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gba ihò kékeré jáde. Isiaq tẹ́tí. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Kàdúná, lára àwọn ẹṣin tí wọ́n dè mọ́ ibi eruku. “Ó ti tán,” ó wí nínú ara rẹ̀. “Èyí kò lè rí ìdajì ọ̀nà.” Ó kù díẹ̀ kó yí padà sílé láìwọlé.

Ṣùgbọ́n Ikúmápàyí ti rí i. Ó ń tiro bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ọkùnrin àádọ́ta ọdún tó sanra, ẹ̀gbà wúrà há sí i lọ́rùn.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá mi. Ẹ má wo ẹsẹ̀ mi o. Ẹṣin yìí náà ló jù mí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó dé. Oṣù méjì ni mo fi sùn ní ọsibítù Ìgbóbì.”

“Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀,” Isiaq dáhùn. Ó yọ pósítà lápò, ó tú u. “Kí lèyí?”

“Ẹ̀yin náà, bàbá. Ìpolówó lásán ni. Ta ló ń ta ọsàn tó máa ní ọsàn òun kan?”

“Bó bá jẹ́ ọsàn lẹ kọ sí i, mi ò ní wá. Orúkọ mi lẹ kọ.”

“Ẹ ṣáà wo ẹṣin ná. Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ní ká tẹ̀ ẹ́ sí i.”

Ọ̀nà ọ̀sà ni ẹṣin náà gbà wọlé. Màálámù Habu, ará Katsina tó ń tọ́jú rẹ̀, ti mú un lọ wẹ̀ láti àárọ̀, omi sì ṣì ń kán lára àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ omi wọlé. Ara ẹṣin náà pupa bí epo. Isiaq, tí ó ti múra láti kórìíra rẹ̀, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Ó ki ìkúùkù rẹ̀ bọ àárín egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin náà méjèèjì nísàlẹ̀, ìkúùkù sì wọlé wẹ́rẹ́. Ẹṣin tí ibẹ̀ bá há, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ náà há. Ó wo ihò imú rẹ̀, ó fẹ̀. Ó wo àyà rẹ̀. Àyà ẹṣin ọ̀nà kúkúrú a máa gbòòrò, gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú ẹran. Èyí kò gbòòrò, ó jìn lọ sísàlẹ̀ ni, Ọlọ́run fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró. Èjìká rẹ̀ dà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó gbẹ, kò sí ẹran tí kò wúlò níbẹ̀.

“Níbo ni ìyá rẹ̀ ti wá?” ó bi Habu ní èdè Haúsá.

Habu ní Sùdáànì ni. Ó ní ìyá ìyá rẹ̀ sá eré jíjìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sì ṣe ipò kejì rí.

Ọkàn Isiaq rọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ènìyàn á pàdé ohun tí Ẹlẹ́dàá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí kò rán ọmọọṣẹ́. Ojú tì í fún ìdájọ́ tí ó ti ṣe lẹ́nu géètì. Wọ́n gbé àpótí fún un, ó jókòó, ó ń wo ẹṣin. Ọwọ́ obìnrin kan gbé omi tútù àti àwo ẹja yíyan síwájú rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní bàbá ẹ káàbọ̀, ó sì padà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Isiaq dúpẹ́ láìgbé ojú kúrò lára ẹṣin. Ẹja náà dùn. Ó jẹ ẹ́ tán títí dé orí.

“Ẹ wá wo ilé rẹ̀,” Ikúmápàyí wí. Ayọ̀ ń kún inú ohùn rẹ̀. “Ọmọ tí mo bí pàápàá kò sùn sí irú ibẹ̀ rí.”

Kò parọ́. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ilé ẹṣin náà, wọ́n da ìyẹ̀fun pákó tó mọ́ sí i. Fáànù méjì ń yí lókè. Àwọ̀n ẹ̀fọn wà níbẹ̀, omi mímu nínú ike aláwọ̀ búlúù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tó dojú kọ àwọn ààrò, wọ́n ti lu ihò ńlá mẹ́ta sí i, èéfín sì ń gba ibẹ̀ wọlé wọ̀ọ̀, fáànù ń gbà á, ó ń pín in káàkiri.

“Kí ni ihò yìí wà fún?”

“Oògùn ni, bàbá. Wọ́n sọ fún mi pé eṣinṣin àti ẹ̀fọn ló ń pa ẹṣin níhìn-ín. Mo wá rò ó. Ẹja tí a bá gbé sí èéfín, ṣé eṣinṣin ń bà lé e? Ṣé ó ń bàjẹ́? Tọ̀sán-tòru ni mo ní kó máa wọlé.”

Isiaq wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Ìmọ̀ ìdílé rẹ̀ ni ó kó fún ẹṣin náà, èyí tó dára jù tó ní. Isiaq gbé ojú sókè. Èédú èéfín so rọ̀ láti ara igi òrùlé bí òwú, okùn aláǹtakùn ti dúdú, ó ti nípọn. Omi ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀, kò sì tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó wọlé. Ó ki ìka kan bọ ihò imú ẹṣin tí Habu ti fà wọlé tẹ̀lé wọn, ó yọ ọ́. Dúdú ni, ó ń lẹ̀. Kò rí ohun tí yóò fi nu ìka náà, ó fa pósítà yọ, ó fi nù ún sórí orúkọ ara rẹ̀.

“Mo sọ fún un,” Habu wí ní Haúsá, ó ń wo ilẹ̀. “Ó ní èmi kò mọ èéfín tó òun.”

“Oṣù mélòó?”

“Oṣù méje.”

“Di gàárì fún un,” Isiaq wí.

Iyanrìn tí wọ́n kó jáde láti inú ọ̀sà ni wọ́n ti tẹ́ gbọọrọ lẹ́bàá omi níbẹ̀, fún ilé tí ẹnìkan fẹ́ kọ́ tí kò tíì kọ́. Bí ẹṣin bá lọ tí ó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí rẹ̀, ó tó àwọn eré tí Ìgbì Òkun ti ń borí létí òkun. Bí ó bá lọ tí ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó èyí tí ará Kàdúná tó fẹ́ rà á ń wá. “Lẹ́ẹ̀mẹta,” Isiaq sọ fún Habu.

Ti àkọ́kọ́ dùn ún wò. Ẹṣin náà kò bá ìjánu jà, kò fi agbára ṣòfò. Ó na ẹsẹ̀, ó rẹ ara sílẹ̀, ó ń lọ bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà ṣì jìn. Ẹṣin ọ̀nà kúkúrú kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í kọ́ ọ. Àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe dìde wò. Nígbà tí ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń wá afẹ́fẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó tó dé ìdajì, Isiaq gbọ́ ọ láti ibi tí ó dúró sí: ariwo kan nínú ọ̀fun, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì. Ó gbé ọwọ́ sókè kí Habu dá a dúró. Habu kò tíì rí ọwọ́ náà tí ẹṣin ti dúró fúnra rẹ̀.

Isiaq rìn lọ bá a, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níhà. Bàbá rẹ̀ kò ní aago rí. Fàtíhà, súrà àkọ́kọ́ nínú Kùránì, ni ó fi ń wọn èémí ẹṣin, ìwọ̀n yẹn ni ó sì fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Bí ẹṣin bá ti dúró, máa ka Fàtíhà jẹ́jẹ́, máa fi àtàǹpàkò ṣírò rẹ̀ lórí oríkèé ìka. Bí èémí bá padà sípò kí o tó ka mẹ́rin, ẹṣin ọ̀nà jíjìn ni. Bí ó bá di méje, ẹṣin ọ̀nà kúkúrú ni. Bí ó bá kọjá méje, tú gàárì, mú un lọ sílé, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Ó ka mẹ́rin. Ìhà náà ń gòkè, ó ń sọ̀, kò gbọ́ tirẹ̀. Ó ka méje. Itọ́ tó ń kán lẹ́nu ẹṣin ní dúdú nínú. Ìgbà tí ó ka mẹ́sàn-án tán ni èémí tó rọlẹ̀, ẹṣin sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ kúkúrú tó kún fún omi.

“Tú gàárì,” ó wí.

Ikúmápàyí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Bàbá mi, kò sí ẹni tó máa ní kó sá a lẹ́ẹ̀mẹta ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa wò. Ẹ̀yin ṣáà dúró tì mí, kí ẹ má sọ nǹkan kan.” Ó ki ọwọ́ bọ àpò.

Isiaq tẹjú mọ́ ọwọ́ náà títí ó fi jáde lófìfo.

“Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,” ó wí, “ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èyí kò tilẹ̀ ní tó ogún ọdún. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.”

“Ẹ ń sọ pé kò lè sá a nìyẹn.”

“Ó lè sá a. Ohun tó rí mi lára nìyẹn. Ọ̀nà jíjìn ni Ọlọ́run dá a fún, ìwọ sì gbé e síbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, o yan án.” Kò mọ ìgbà tí ó kúrò lórí ẹ bọ́ sórí o. “Fọwọ́ sí imú rẹ̀ kí o rí ohun tí o fi ń bọ́ ọ. Bó bá fi ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí wà níbí, inú iyanrìn yìí lo máa sin ín sí.”

Ó ti múra fún èébú. Èébú kò wá. Ikúmápàyí ki ìka bọ imú ẹṣin, ó wò ó, ó tún wo ìka náà. Lẹ́yìn náà ó gbé apá méjèèjì mọ́ ọrùn ẹṣin, ó fi ojú pamọ́ sí i lára, èjìká rẹ̀ ń mì. “Èmi ni mo ṣe é fún ọ,” ó ń wí. “Èmi náà ni.” Ká sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, kò jiyàn, kò wá awáwí. Ó yọ fóònù. Ó pe ará Kàdúná pé kó fi Sátidé sílẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó pe Mojíbọ́lá pé kí ó dáná sun gbogbo pósítà. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní oko ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí atẹ́gùn wà, tí koríko wà. Kí oòrùn tó kúrò ní àtàrí, ọkọ̀ akẹ́rù ti dé, wọ́n ti fi búrẹ́dì tan ẹṣin gòkè, Habu ti jókòó tì í.

“Kí wọ́n má dáná nítòsí rẹ̀ o,” Ikúmápàyí ń ké tẹ̀lé ọkọ̀ náà. “Sìgá pàápàá, kí ẹnikẹ́ni má mu ún lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Ó yẹ kí inú Isiaq dùn. Orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹṣin yè. Ọkùnrin alágídí kan sì ti gba òtítọ́ láìjà, èyí tí kò wọ́pọ̀. Ó béèrè omi àlùwàlá kí àkókò Súhúrì, ìrun ọ̀sán, tó kọjá, wọ́n sì fún un ní kẹ́tùlù. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó ti ká apá aṣọ kan sókè.

Ikọ́ náà gbẹ, ó jìn, ó fi súùsúù parí.

Isiaq dúró. Ẹṣin ti lọ. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkọ̀ ti gbé e kọjá. Ní àárọ̀ pàápàá, nígbà tí òun dúró lẹ́nu géètì tí òun ń tẹ́tí, ẹṣin wà nínú ọ̀sà lódìkejì ilé, ó ń wẹ̀. Kì í ṣe ẹṣin ni ó gbọ́. Ó wo inú èéfín títí ojú rẹ̀ fi là á, ó sì rí obìnrin kan tó tẹ̀ síwájú, tó fi ọwọ́ kan di àgbá mú, tó ń dúró de ara rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni ó gbé omi fún un.

Ikúmápàyí ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ìyàwó rẹ ń wúkọ́,” Isiaq wí.

“Ta? Hadassah?” Ó rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ti fúyẹ́ padà. “Ó ti pẹ́, bàbá. Inú èéfín ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ náà, ibẹ̀ ló kú sí. Èéfín kì í ṣe ará wa ní nǹkan kan.” Ó nàka sí ilé ẹṣin. “Àyè tiẹ̀ ti wá ṣí sílẹ̀. Ààrò méjì máa gba ibẹ̀ yẹn. Lọ́la, mo máa tú àwọn fáànù ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́.”

Isiaq fẹ́ bú u. Èébú tó tọ́ sí i kò wọ́n án. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin a máa kọ́ ènìyàn ní èébú. Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ la ẹnu, gbogbo rẹ̀ ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ta ló gbọ́ ikọ́ yẹn yéké láàárọ̀, tó tilẹ̀ mọ ibi tó máa parí sí, tó ní ó ti tán? Ta ni obìnrin náà kúnlẹ̀ fún, tí kò wo ojú rẹ̀? Adùn ẹja yẹn ṣì wà lẹ́yìn eyín rẹ̀. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó tún tutọ́, kò kúrò. Ara rẹ̀ rí i lára bí ìka dúdú tí ó yọ nínú imú ẹṣin.

Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, ó rìn wọ inú èéfín lọ.

Hadassah ti gbé agbọ̀n ẹja mìíràn láti ẹ̀gbẹ́ omi bọ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ààrò. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni. Ojú rẹ̀ pọ́n, awọ ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ti ṣú.

“Ìgbà wo ni ikọ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi?”

Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. “Tèmi, bàbá?”

“Tìrẹ.”

“Mi ò kà á.” Ó rò ó díẹ̀. “Bóyá ẹ̀rùn èṣí. Àbí èyí tó ṣáájú rẹ̀.” Ó ti tún na ọwọ́ sí agbọ̀n.

“Fi sílẹ̀. Jókòó ná.”

Ó jókòó sórí àgbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, nítorí pé àgbàlagbà ló sọ ọ́, ó sì ń mí. Isiaq kò lè gbé ọwọ́ lé e níhà, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lórí oríkèé ìka. Ó ka mẹ́rin. Èjìká obìnrin náà ń gòkè, ó ń sọ̀. Ó ka méje.

“Ẹ má bínú, bàbá,” Hadassah wí láàárín èémí méjì. “Mo ń dá yín dúró.”

Ó ka mẹ́sàn-án, ó kọjá rẹ̀.

Tú gàárì, bàbá rẹ̀ a máa wí, mú un lọ sílé. Isiaq gbé ojú sókè. Ilé aláwọ̀ ewé náà dúró níwájú rẹ̀, bálíkónì rẹ̀ ń dán, wọ́n sá aṣọ obìnrin mẹ́ta sí i, èéfín sì ti sọ gbogbo wọn di àwọ̀ kan náà. Ilé ni obìnrin náà wà.